Ẹni Tó Ń Gbé Ọmọláńgidi Kérésì Wa Kiri

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí. Mi ò ní bínú. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú rẹ̀ fún èmi náà, màá ní inú fíìmù ló ti wò ó. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. N kò sùn, ara mi le, ọ̀sán gangan ni èyí tó burú jù níbẹ̀ sì ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́-Èkìtì ni, nínú ilé ọkọ mi, ní Kérésì tó kọjá yìí.

Olùkọ́ ni mí. Ìlú Ọ̀rùn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, èmi àti Màmá, ìyá ọkọ mi, la jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ: Fèyí, èyí obìnrin tó ti mọ̀wé kà díẹ̀, àti Bọ́lú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì lè so bọ́tìnì ara rẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló fi ọmọláńgidi náà rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Ẹ́lífù ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Aṣọ pupa ló wọ̀, ó dé fìlà ṣónṣó, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fi í ṣeré nìyí: àwọn ọmọ á sùn, ìwọ òbí á gbé e lọ síbòmíràn, ìwọ á fi dá àrà kan. Tí wọ́n bá jí, wàá ní òun fúnra rẹ̀ ló rìn, pé ó lọ jábọ̀ fún Bàbá Kérésì nípa ọmọ tó gbọ́ràn àti èyí tí kò gbọ́. Ọmọ kankan ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ gbà mí gbọ́, a gbádùn rẹ̀. Mo fi í jókòó sínú agbada gaàrí, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo so ó rọ̀ mọ́ kọ́tìnì. Mo gbé e gun iṣu kan bí ọlọ́kadà, mo fi ìdérí ìgò ṣe táyà. Bọ́lú rẹ́rìn-ín títí tó fi tọ̀ sára. Màmá pàápàá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọlọ́kadà wa ti dé s'ulé!"

Ó di alẹ́ ọjọ́ kan, ó rẹ̀ mí, mo sùn lọ. N kò gbé e kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ ló jí mi. Mo bá ọmọláńgidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ Màmá ní ilé ìdáná, tó jókòó sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí àdògán, wọ́n fi ewé bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àwọn ọmọdé ṣe ń se oúnjẹ yẹ̀pẹ̀.

Mo rò pé Màmá ni. Mo rọra sún mọ́ wọn, mo ní, "Màmá, ẹ ṣé o. Ẹ bá mi gbé e."

Wọ́n wo àwọn òkúta yẹn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Èmi kọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ. Wọn ò jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Màá gbé e sórí fìríìjì, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn la ó ti bá a. Màá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé la ó ti bá a. Níbikíbi tó bá wà, òkúta àti ewé á wà níwájú rẹ̀. Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró mi. Ìta ni mo ti bá a, lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, tí ìrì ọyẹ́ ti rin fìlà rẹ̀ gbingbin.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní ìdí mi o.

Mo pe ọkọ mi. Ó ní eku ni. Eku wo ló ń to òkúta? Mo pe Fèyí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn.

"Mọ́mì, èmi kọ́," ó ń sunkún. "Ọmọ yẹn ni."

"Ọmọ wo?"

"Èyí tó máa ń bá Bọ́lú ṣeré."

Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe rí. Mo kó àwọn méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú mi mọ́. Mo pinnu pé tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti di ẹrù tán. Bọ́lú sùn sórí ẹní ní pálọ̀. Mo pe Fèyí mọ́ra, mo ní kí n sáré ká aṣọ lórí okùn. Aṣọ yẹn ò ju ẹrù apá kan lọ, ẹ gbọ́ mi.

Mo padà wọlé. Ẹní ṣófo. Ọmọláńgidi náà ò sí níbi tí mo gbé e sí.

Mo pe Bọ́lú. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo inú kànga, mo dojú bolẹ̀, mò ń pe orúkọ ọmọ mi sínú omi. Àwọn aládùúgbò jáde. Àwọn kan sáré lọ sódò, àwọn ọlọ́kadà gba ọ̀nà Ẹ̀mùrẹ́. Èmi já gèlè sílẹ̀, mò ń ké bí ẹran. Mò ń sọ fún Ọlọ́run pé kó mú mi, kó fi í sílẹ̀.

Màmá ló di ọwọ́ mi mú. Wọn ò wọ bàtà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ní kí n lọ dúró ti Fèyí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, àfi bí wọ́n ṣe fà mí wọ ọ̀nà oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé wa.

"Má pariwo mọ́," wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Tí o bá pariwo, ẹ̀rù á bà á, á mú un lọ jìnnà."

"Ta ni, Màmá?"

"Bídùn. Àkọ́bí mi. N kò tíì bí ọkọ rẹ nígbà yẹn. Abẹ́ igi obì ló ti máa ń se oúnjẹ rẹ̀, òkúta àti ewé, á ní kí n wá jẹun. Mo máa ń ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́."

Mo tẹ̀lé wọn. Oòrùn wà lókè, ọyẹ́ bò ó, ewé gbígbẹ ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

A rí igi obì náà. Bọ́lú mi jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ọmọláńgidi jókòó kojú rẹ̀. Láàárín wọn, ọmọbìnrin kékeré kan dojú kọ igi, ó kẹ̀yìn sí wa, irun rẹ̀ wà ní dídì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń to òkúta. Ó ń gbé ẹsẹ̀, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, kò sì sí èyí tó dún.

Mo fẹ́ ké. Màmá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n kúnlẹ̀.

"Bídùn," ni wọ́n pè é, jẹ́jẹ́. "Dá a padà fún ìyá rẹ̀."

Kò wẹ̀yìn. Bọ́lú ló gbójú sókè, ojú rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sùn.

"Màmá, ó ní ṣé ẹ máa jẹun lónìí?"

Ẹkún gbọn Màmá. "Màá jẹ," wọ́n ní. "Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Jẹ́ kí eléyìí máa lọ."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó síbi tí Bọ́lú jókòó sí, wọ́n sì rọra tì í sọ́dọ̀ mi. Ara ọmọ náà tutù bí omi àmù. Mo gbé e, mo sáré. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá ń ṣí ewé, wọ́n ń fi ọwọ́ bẹnu, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo rán àwọn ọkùnrin lọ. Wọ́n ní àwọn ò rí òkúta, àwọn ò rí ọmọláńgidi, àfi ìyá arúgbó tó jókòó nìkan.

Màmá padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Mo gún uyán, mo gbé e wá fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti yó.

Títí di òní, bí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọ́n á dé, wọ́n á ní àwọn ti yó. Wọ́n sì ti gbẹ, ẹ wo ọrùn ọwọ́ wọn, egungun lásán. Ọkọ mi ti sunkún fún wọn, ó ní kí wọ́n bá òun lọ sí Èkó. Wọ́n ní ta ni yóò máa bá Bídùn jẹun. Mo ti gbààwẹ̀, pásítọ̀ ti wá gbàdúrà. N kò mọ èyí tí mo tún lè ṣe, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè dì wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kérésì tún ń bọ̀, mo sì ń rí i lórí fóònù pé ẹ ti ń ra ọmọláńgidi yìí fún àwọn ọmọ yín. Mi ò ní kí ẹ má ṣeré. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ fún ọmọ nínú ilé àtijọ́ pé nǹkan kan ń rìn kiri nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé yẹn léèrè irú ọmọ tó ti gbébẹ̀ rí. Bí ẹ bá sì jí lọ́jọ́ kan, tí ẹ bá a níbi tí ẹ ò gbé e sí, tí ọmọ yín ní òun kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ gbé ọmọ yín, kí ẹ jáde.