Bọ́tìnì Yàrá Aṣọ Lílọ̀

Gúnrégé ni wọ́n ń pe àbúrò ìyá mi níbi iṣẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń lọ aṣọ: aṣọ ibùsùn, aṣọ tábìlì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò. Bí ẹ bá jókòó lé aṣọ tó ti lọ̀, ìjà dé ọ̀run nìyẹn. Èmi a máa mọ̀ọ́mọ̀ jókòó lé e ni. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ooru mọ́. Bí mo bá gbé ife tíì tó ń hó lé e lọ́wọ́, yóò dì í mú bí ẹni mú ẹyin, yóò ní, "Tíì yìí ti tutù, ọ̀lẹ."

Yàrá wọn ní òfin tirẹ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń gbé iná fún gbogbo áyọ́ọ̀nù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ kígbe, "Mo fẹ́ pa iná o! Ṣé kí n pa á?" Àfi bí gbogbo wọn bá dáhùn kó tó fọwọ́ kàn án.

Gúnrégé náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yàn láti máa ṣojú wọn. Òfin ìjọba ní bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ti ẹ̀ka kan pa, kí wọ́n tó pinnu ni kí wọ́n ti sọ fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu káfíńtà ni Gúnrégé ti gbọ́ ọ. Káfíńtà náà kàn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ta okùn ìwọ̀n sórí tábìlì Gúnrégé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbọ́wọ́ kúrò díẹ̀. Wọ́n ní ibi eré ìdárayá ló fẹ́ dà."

"Kí ló fẹ́ dà bẹ́ẹ̀?"

"Yàrá yìí ni. Wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

Gúnrégé gbọ́wọ́ kúrò. Káfíńtà wọn tábìlì tán, ó sì dá áyọ́ọ̀nù Gúnrégé padà síbi tó wà.

Nígbà tó sọ fún mi nílé, mo ní, "Àǹtí, ẹ ó kúkú máa sáré lójú kan lórí ẹ̀rọ níbẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín, kò bú mi. Ó kàn mú ṣẹ́ẹ̀tì mi tí kò rún, ó ń tún un ká.

Lọ́sẹ̀ kejì ni máníjà ránṣẹ́ pè é.

"Màmá, a fẹ́ gbọ́ èrò yín lórí yàrá aṣọ lílọ̀."

"Káfíńtà ti wọ̀n ọ́n, sà. Ẹ ti paná tán, ẹ wá ń bèèrè."

"Ẹ má bínú. Òfin ló ní ká bi yín."

"Òfin ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wá ni."

Wọ́n dá iṣẹ́ káfíńtà dúró. Wọ́n pe gbogbo wọn sípàdé, wọ́n pín bisikíìtì, òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, máníjà mi orí títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ó ṣì tì í pa. Bisikíìtì ọ̀hún ò tiẹ̀ dùn. Àǹtí mú díẹ̀ bọ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, mo lọ bá a kó ẹrù. Máníjà fúnra rẹ̀ wọlé, ó dúró nídìí bọ́tìnì, ó wolẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó gbàgbé ohun tó há sórí.

"Mo fẹ́ pa iná o. Ṣé... ṣé kí n pa á?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè níbẹ̀.

"Ó ku apá ṣẹ́ẹ̀tì kan," ni Gúnrégé wí, kò gbójú sókè.

Ó lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Máníjà ń dúró.