Ohùn Ìsàlẹ̀ Nínú Orin Bossa Nova Mi

Ọdún tí a bí àkọ́bí wa ní Houston ni mo forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì orin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn orin tó bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Pasadena tó wà nítòsí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń wá ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò fi gbé mi kúrò nídìí páìpù lọ sínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ. Mo ti ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tó jẹ mọ́ kẹ́míkà tán. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń la ènìyàn lójú, bí orin tàbí àwòrán. Èyí tó bọ́ sí àárọ̀ Sátidé ni mo mú. Orin ni.

Tísà wa jẹ́ òyìnbó kan tó ti dàgbà, ó ga, ó sì tín-ín-rín. Bó bá ń gbọ́ orin, á di ojú, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Ó ní kí olúkúlùkù wa lọ wá orin bossa nova kan, ìyẹn orin jẹ́jẹ́ àwọn ará Brazil, kí a tú u palẹ̀ bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá tú ẹ́ńjìnnì: ohùn tó ń kọ ọ́, kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n ń lù pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ìlù rẹ̀ ṣe ń rìn, ohun èlò tí wọ́n lò, àti bí wọ́n ṣe pín in. Kí a wá sọ ohun tí a rí fún kíláàsì.

Mi ò ní irú orin bẹ́ẹ̀ nílé. Ilé rédíò kan máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ibi tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lára rédíò wa ti bàjẹ́. Mo yá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo gbé e sí iwájú rédíò lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ìkókó, gbé ọmọ wọ yàrá. Ìyàwó mi pa iná lábẹ́ ìkòkò. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Orin bẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin yẹn ni mo ń gbọ́ nínú ọkọ̀ lójú fíríwéè, àlọ àti àbọ̀. Mo gbọ́ bí àtàǹpàkò onígìtá ṣe ń lu okùn tó nípọn déédéé, bí ọkàn ẹni tó sùn, tí àwọn ìka yòókù ń já okùn kéékèèké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí wọn kì í bọ́ síbi tí o ti ń dúró dè wọ́n. Ọkùnrin tó ń kọrin kì í pariwo. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gìtá á ti lọ, òun á máa bọ̀ lẹ́yìn láìkánjú, nítorí ó mọ̀ pé wọn ò ní fi òun sílẹ̀. Kọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í jẹ́ kí o mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó bàjẹ́. Ohun kan bí ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá ojú ìlù, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ohùn wúwo kan tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Hùùùùn. Kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Kọ́ọ̀dù ń yí padà lórí rẹ̀, kò mira. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí orin parí, á gbọ̀n gìrì-gìrì-gìrì, á ní gbì, á sì dákẹ́. Á wá ku gìtá àti ọkùnrin náà nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fiyè sí i, omi bọ́ lójú mi lójú ọ̀nà Pasadena.

Mo sọ gbogbo èyí ní kíláàsì. Mo ní ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ni ìlú tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, àti pé gbígbọ̀n rẹ̀ ni ọjọ́ tó mọ̀ pé òun ò ní padà mọ́. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i fún wọn. Tísà di ojú. Nígbà tí ohùn náà ní gbì, ó di tábìlì mú.

"Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń kó orin yìí jọ," ó wí, "mi ò gbọ́ ọ báyìí rí. Àwọn wo ló lù ú?"

Mo ní rédíò ò sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó ní pálọ̀, rédíò wà ní pípa, mo sì gbọ́ gìrì-gìrì-gìrì. Gbì. Mo yíjú. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lójú fèrèsé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi. Ara mi tutù ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí Sátidé dé, mo sọ fún tísà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù ilé wa ló wà lábẹ́ orin náà. Mo rò pé á bínú. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Etí rẹ gbọ́ ọ. Ó sì bá kọ́ọ̀dù mu. Ǹjẹ́ a lè wá gbọ́ ọ lójúkojú?"

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré o. Ó ní kí kíláàsì Sátidé tó tẹ̀ lé e má bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ni kí gbogbo wa pàdé nílé mi.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ní àpátímẹ́ǹtì wa kan ilẹ̀kùn, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà oyún ni ìyàwó mi ti ní kí n lọ fẹjọ́ ẹ̀rọ yẹn sùn ní ọ́fíìsì. Mo lọ lóòótọ́, mo sì ti gbàgbé.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ń pariwo," ó wí.

"Ó ń pariwo. Má tún un ṣe."

"Kí ló dé?"

"Àwọn àlejò kan ń bọ̀ wá gbọ́ ọ."

Ó wò mí títí. Ìyàwó mi yọ sí wa. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe! Ọmọ ò sùn dáadáa!"

Ẹni náà wọlé, ó tú ojú ẹ̀rọ náà, ó de nǹkan kan mọ́lẹ̀, ó ti lọ. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún pín-ín. Mo gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kò dún.

Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán, bi mí pé kí ló dé tí mo ń na ẹ̀rọ onílé. Mo ṣàlàyé.

"Bàbá ìkókó," wọ́n ní, "ṣebí hùn ló ń ṣe? Pálọ̀ yìí kọ́ ni mo ń sùn sí láti ọjọ́ tí mo ti dé? Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú wọn."

Àwọn ọmọ kíláàsì dé, wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kí n tó lè sọ pé wọ́n ti tún ẹ̀rọ ṣe, Màmá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ ní itan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn mú orin náà wá lórí síídì, èyí tí kò ní ariwo ilé wa nínú. Ó fi sí i. Màmá mú un: hùùùùn. Bí èémí bá fẹ́ tán, wọ́n á fa òmíràn sí imú, wọ́n á máa bá a lọ. Ọmọ sùn. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n gbọn èjìká, gìrì-gìrì-gìrì, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, gbì, wọ́n sì dákẹ́. Gìtá nìkan ló kù. Ẹnikẹ́ni ò mira.

Tísà la ojú. Ó ní kí n sọ fún Màmá pé ohùn wọ́n dára, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé bí ẹ̀rọ yẹn ṣe máa ń ké nìyẹn tí òjò bá fẹ́ rọ̀," Màmá fèsì.

Tísà wo ojú sánmọ̀ látojú fèrèsé, ó sì mi orí bí ẹni tó gbà.

Ìyàwó mi bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún gbogbo wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n lọ.

Nígbà tí èsì jáde, B ni mo gbà. Tísà ní mo tú ohùn, kọ́ọ̀dù àti ìlù palẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò sọ bí wọ́n ṣe pín orin náà, ibi tí ẹsẹ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì fún mi ní ìwé kékeré kan pé kí n fún Màmá. Máàkì A ni ó fún wọn.

Màmá bi mí èwo ló ga jù nínú méjèèjì. Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n ní kí n má banújẹ́, kí n ṣáà tẹra mọ́ ìwé mi.