Àjà Dídán Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Akunlé tí a pè wá sí ilé wa ní àdúgbò Adéwọlé ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé a kì í fi ọ̀dà dídán kun àjà ilé. Ó gun àkàbà rẹ̀, ó fi ìka tẹ pátákó àjà náà níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀.

"Wàláì, màdáámù, gúlọ́ọ̀sì ò dáa lókè. Ilẹ̀kùn ló wà fún, àti ògiri ìdáná. Tẹ́ ẹ bá fi kun àjà, gbogbo orí ìṣó, gbogbo ibi tí pátákó ti pàdé ló máa hàn síta. Ọ̀dà olómi tí kì í dán ni ká lò, ìyẹn á bo àbùkù mọ́lẹ̀."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ní ilé ńlá kan ní Tanke, mo sì ti rí ike ọ̀dà olómi méjì tí wọ́n ti ṣí, tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé irú ọ̀dà tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ gan-an ni àjà ilé mi ń fẹ́? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló mọ ọkàn. Ẹ̀rín yẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé akunlé yẹn nìkan ni mo fura sí. Iṣẹ́ títẹ lẹ́tà ni mo ń ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹni tó bá ti tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá fún ọdún mẹ́wàá, tó rí ẹni tí ọ̀gá kí tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀, tó sì tẹ ìwé gbélé-ẹ ẹni náà lọ́sàn-án, kò ní gba ẹ̀rín ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Mo máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Bí mo bá ra kẹrosíìnì, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó kúrò níwájú ẹni tó tà á fún mi. Ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, tó sì gba gbogbo ayé gbọ́, máa ń sọ pé bí mo bá dé ọ̀run, n óò kọ́kọ́ fi èékánná ha òpópónà wúrà wò bóyá ojúlówó ni.

Mo sì ní ìdí tèmi. Eku pọ̀ lókè àjà wa. Wọ́n ń tọ̀ síbẹ̀, ìtọ̀ wọn sì ń ya máàpù sí pátákó. Ọ̀dà olómi máa ń mu ìdọ̀tí bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì, ṣùgbọ́n gúlọ́ọ̀sì ṣeé fi àkísà nù. Mo wọ mọ́tò lọ sí Challenge fúnra mi, mo ra gúlọ́ọ̀sì aláwọ̀ kòkó tó ṣú dáadáa, kí àbàwọ́n má baà hàn lára rẹ̀, mo sì dúró ti akunlé náà títí ó fi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá mi jiyàn mọ́. Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ, orí ìṣó hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ilé wa ń dán gbinrin. Inú mi dùn pé n kò gbà kí ó rẹ́ mi jẹ.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá ọkọ mi ṣubú ní balùwẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, tí egungun ìgbáròkó wọn sì ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé wọn wá, a sì fún wọn ní yàrá ẹ̀yìn. Dókítà ní kí wọ́n máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí wọ́n má ṣe yí padà àfi bí ẹnìkan bá dì wọ́n mú. A kọ ẹsẹ̀ ibùsùn wọn sí ojú fèrèsé kí wọ́n lè máa wo igi máńgòrò tó wà níta, orí wọn sì wá kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wọlé, ẹ̀yìn wọn ló ń gbà wọlé. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà ni a gbé àpótí onípákó wọn sí.

Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Mo ń wẹ̀ wọ́n kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì ń yí wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, àti lálẹ́, kí ara wọn má baà bó. N kò fi ìkórìíra ṣe é. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Etí ìró wọn ni wọ́n ta kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ní kókó. Bákan náà, nígbàkígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bá wá kí wọn láti Ọ̀mù-Àrán, ìyá àti ọmọ á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá ti wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ á yí padà, á di ti òjò àti iṣu. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí, n kò bí ọkùnrin kankan. Obìnrin tó bá ti gbé ilé ọkọ rí á ti mọ ohun tí mo ń rò. Mo rò pé wọ́n ti rí ọmọge kan fún ọkọ mi nílé, àti pé fọ́tò rẹ̀ wà nínú àpótí náà.

Nítorí náà, mo ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo wẹ̀ wọ́n tán, tí mo pààrọ̀ ìró wọn, mo tú kọ́kọ́rọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn wọn níbi tí ojú wọn kò lè dé, mo sì rọra ṣí àpótí láì jẹ́ kí ó dún. Aṣọ tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ìsìnkú wọn ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé orin, káàdì ìjọ, àti páálí ṣúgà tí èèrà ti wọ̀. N kò rí fọ́tò kankan. Ẹlòmíràn ìbá tijú, kó jáwọ́. Èmi sọ fún ara mi pé wọ́n ti gbé fọ́tò náà kúrò níbẹ̀. Mo tún ṣí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì tún ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n pe ọmọ wọn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń ká aṣọ.

"Ẹnìkan ń tú àpótí mi."

Ọkọ mi ṣí àpótí náà, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Kò sí ohun tó dín. "Màámi, ta ni ẹ rí?"

"Mo ní ẹnìkan."

"Báwo lẹ ṣe rí i, nígbà tí ẹ kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn?"

Wọ́n nawọ́ sí àjà. "Òkè yẹn ni mo ti rí i."

Ọkọ mi wo òkè, èmi náà wo òkè. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àjà nìkan la rí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní orí Màámi ti ń dàrú, pé ẹni tó bá ń rí ènìyàn lójú àjà, àdúrà ló kù. Wọ́n mọ ilé àdúrà kan ní abúlé kan nítòsí Ọ̀mù-Àrán. Orí ẹní ni àwọn aláìsàn ń sùn níbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní àwọn yóò gbé mọ́tò wá ní Sátidé. Ọkọ mi kò lè ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

Mo mọ̀ pé ìgbáròkó tó ṣẹ́ kò lè gba orí sìmẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé wọn lọ, a lè má rí wọn láàyè mọ́. Mo sì mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé orí ìyá náà pé, nítorí èmi ni mo tú àpótí. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ló máa yọ wọ́n. N kò sọ ọ́. Ẹni tó tú àṣírí mi ni mo ń wá kiri. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fi òwú sí ẹnu àpótí láti fi mú mi. Lẹ́yìn náà ni mo pe àkọ́bí mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo bi í léèrè ohun tó sọ fún ìyá àgbà. Ọmọ náà kò mọ nǹkankan, ó bú sẹ́kún. Ojú ṣì ń tì mí nítorí ẹkún yẹn.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, a gbé wọn jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé kí ìjókòó lè mọ́ wọn lára de ìrìn àjò. Ọkọ mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ní kí n nà díẹ̀, mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń sùn sí, mo kọjú sókè.

Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Lójú àjà, mo rí ọkọ mi. Ó dorí kodò, nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun, ó sì yí padà lọ. Àpótí náà wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú, mo rí àgádágodo ẹnu rẹ̀.

Mo dìde jókòó. Ìyá ọkọ mi ń wò mí láti orí àga.

"Màámi, ẹ rí mi."

"Mo rí ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi dárúkọ mi?"

"Ìyàwó mi, tí mo bá dárúkọ rẹ, ta ni á máa yí mi?"

Mo ti ń retí pé wọ́n á ní ìfẹ́ ló jẹ́ kí àwọn bò mí láṣìírí. Kì í ṣe ìfẹ́. Ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n, lójoojúmọ́, lábẹ́ ọwọ́ mi, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tí mo fi ń wẹ̀ wọ́n. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo ń wá, mo sọ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kò sí fọ́tò kankan. Ohun tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé mọ́tò dé ní Sátidé, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Èmi ni mò ń tú àpótí Màámi. Orí wọn pé ju tèmi lọ." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bú mi, wọ́n bú ilé tí mo ti wá. Wọ́n ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ni ṣe. Mọ́tò náà padà lófìfo. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ká ra ọ̀dà olómi, ká fi bo gúlọ́ọ̀sì yàrá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Màámi gbọ́ láti orí ibùsùn.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Mo fẹ́ máa mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Ọdún méjì ni wọ́n tún lò lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó kú. Nígbàkígbà tí mo bá gbé omi wọlé, ojú wọn á kọ́kọ́ lọ sókè, á rí mi níbẹ̀, á sì máa tẹ̀lé mi títí n óò fi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa ń dáhùn ìkíni mi. Bí eruku ọyẹ́ bá bo àjà náà, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, òkè ti ṣú." Màá gbé àga, màá gùn ún pẹ̀lú àkísà àti omi ọṣẹ, màá máa nu àjà náà títí wọ́n á fi ní ó tó.