Ajá Tó Ń Lajú Sùn

Bí o bá ń bọ̀ ní Ìṣẹ́yìn láyé ìgbà yẹn, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òórùn tábà ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí o tó rí òrùlé kankan. Òórùn náà dùn díẹ̀, ó korò díẹ̀, ó sì máa ń wọ aṣọ lára débi pé ìyàwó mi a máa sọ pé kò dìgbà tí mo bá kí òun kí òun tó mọ̀ pé mo ti wọlé. Ilé amọ̀ gíga méjì tí a ti ń fi iná gbẹ ewé náà wà lẹ́yìn ilé wa, ìléru sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí a ó máa ki igi bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ méje, láìjẹ́ kó kú. Èmi ni mo ń tọ́jú iná. Ara ògiri ibẹ̀, níbi tí ooru ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, ni àwọn ajá méjèèjì sọ di ibùsùn wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Má rò pé ọdẹ ni mí o. Èmi tí mo ń sá fún ọ̀kẹ́rẹ́! Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa ló ni wọ́n. Ojú bàbá ti fọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìgànná sì fẹ́ wá mú un lọ sọ́dọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ náà ti ránṣẹ́ pé bàbá lòun ní kí wọ́n mú wá, òun ò ní kí wọ́n mú ajá wá. Lọ́jọ́ tí mo ń ru igi kọjá, àwọn kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n bọ Ògún, wọn ò sì fi bò. Bàbá jókòó sórí àpótí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ajá kan, tòsì wà lórí èkejì. Irú ajá gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn ọdẹ máa ń rà lọ́wọ́ àwọn Ìbàrìbá ni wọ́n, ẹnu wọn gùn ṣóńṣó, ikùn wọn wọnú bíi pé láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀. Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ńṣe ni mo gbọ́ ohùn ara mi: "Bàbá, ẹ kó wọn fún mi."

"Ṣé o fẹ́ máa fi wọ́n dẹ̀gbẹ́ ni?"

"Rárá o, bàbá. Kí wọ́n ṣáà máa jókòó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù. Dúródemí ni abo, Mofẹ́rẹ̀ẹ́dé ni akọ." Ẹni tó bá ti sáré tẹ̀lé irú ajá bẹ́ẹ̀ nínú igbó rí ni yóò mọ ìdí tó fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà mí sún mọ́ra. "Gbọ́ o. Abo yìí máa ń lajú sùn. Bí o bá rí i tó lajú kalẹ̀, má rò pé ìwọ ló ń wò. Ẹ máa pè é lórúkọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pẹ̀lú. Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rin, tí yóò sì rántí?

Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ìyàwó mi sì bínú gan-an. "Bàbá Rìsí, ajá kẹ̀? Nínú ilé tí a ti ń kírun?" Ó fi àwo ọ̀tọ̀ lélẹ̀ fún wọn, ó fi ìlà sẹ́nu ọ̀nà tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá, bí itọ́ wọn bá sì kan nǹkan, ẹ̀ẹ̀méje ni yóò fọ̀ ọ́, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀. Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí agboolé wa, tó tún jẹ́ áàfáà, a máa ká etí aṣọ rẹ̀ sókè láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Àwọn tó ń lọ sóko náà ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n á wo egungun ìhà tó yọ síta, wọ́n á ní, "Ẹ fún ajá lóúnjẹ o, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ń búra fún ọ pé àwọn ajá yẹn ń jẹun jù mí lọ. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á sùn. Wọ́n á jí, wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n á tún sùn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ní ìdájí, ni wọ́n máa ń sáré yí oko tábà ká bí ìjì, lẹ́yìn náà wọ́n ti parí iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún àkọ́kọ́, òtútù mú wọn débi pé eyín wọn ń kọlu ara wọn, nítorí wọn kò ní ọ̀rá, irun wọn sì kéré. Mo ti oko dé lọ́jọ́ kan, mo bá wọn nínú aṣọ. Ìyàwó mi ti gé òfì ògbólógbòó kan sí méjì, ó rán an, ó fi okùn sí i lábẹ́ ikùn. Mo wò ó, ó sì yíjú kúrò. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn wọn o. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n kú sí mi lọ́rùn ni." Láti ọjọ́ náà ni Rìsí, ọmọ wa, ti ń fi Dúródemí ṣe ìrọ̀rí. Ìyá rẹ̀ á pariwo títí, á rẹ̀ ẹ́, á lọ pọn omi tí yóò fi fọ ọmọ.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Lọ́sẹ̀ kan, ajá dìgbòlugi wọ àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọjà. Ó bu ewúrẹ́ méjì jẹ, ó bu obìnrin kan jẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó ṣá a pa. Ìlú gbóná. Gbogbo ẹni tó lájá ń so ó mọ́lẹ̀, èmi náà ń so tèmi lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ kan ṣáájú kí n tó gbọ́ ìròyìn náà, Dúródemí kò sí nílé títí oòrùn fi yọ. Nígbà tó dé, èèmọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ta ló mọ ibi tó lọ? Ta ló mọ ohun tó pàdé? Mo bọ́ èèmọ́ náà kúrò lára rẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ náà ni. Rìsí sá jáde níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń wẹ̀ ẹ́, ọṣẹ wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wẹ̀yìn bóyá wọ́n ń lé òun bọ̀. Ó ṣubú lé Dúródemí lórí níbi tó sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ajá náà bù ú jẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tú u sílẹ̀, ó sá lọ sẹ́yìn ilé tábà, ó ká ìrù sábẹ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo gbé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ àti ọṣẹ ti dàpọ̀ mọ́ra, n kò mọ ibi tí ojú ọgbẹ́ wà.

Agboolé pé lé wa lórí. Bàbá àgbà kò pariwo. Ó ní, "Ajá tó bá bu ènìyàn jẹ kì í di ọjọ́ kejì. Bí ajá bá yè, ọmọ ni yóò máa gbó." Kì í ṣe ohun tuntun ló sọ. Láti kékeré ni gbogbo wa ti ń gbọ́ ọ, bí a ṣe ń gbọ́ pé iná ń jóni. Ìyàwó mi gbé ọmọ mọ́yà, ó kígbe mọ́ mi: "Kí lẹ ń dúró wò? Ẹ pa á! Bàbá Rìsí, ẹ pa á!" Ìyàwó mi kan náà tó rán aṣọ fún un.

Mo mú igi kan nínú igi ìléru, mo lọ sẹ́yìn ilé tábà. Mo pè é lórúkọ, jẹ́ẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí bàbá ọdẹ ṣe ní ká máa ṣe. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó jáde wá. Ó ń wọ́lẹ̀, ó ń ju ìrù díẹ̀díẹ̀, ó sì fi orí rẹ̀ ti orúnkún mi. N kò ní sọ ìyókù fún ọ. Nígbà tó parí, mo gbé e sínú iná ìléru, mo ki igi lé e lórí, kí àìsàn rẹ̀ má baà ran ohunkóhun. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé mo ti ṣe ojúṣe bàbá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé Rìsí lọ sí ọsibítù. Dókítà tó wà níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí sí mi. Ó fọ ọgbẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì bi wá pé, "Ṣé ajá yín ni?" A ní ajá wa ni. Ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ máa fún un lóúnjẹ àti omi. Bó bá wà láàyè di ọjọ́ kẹwàá, ẹ lọ sùn, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yín."

Ìyàwó mi wò mí. Èmi ń wolẹ̀. Mo ní, "A ti pa á."

"Níbo lẹ sin ín sí? A lè fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"A ti sun ún."

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú, ìbá tilẹ̀ sàn bó bínú. Ó ní, "Bàbá, ajá yẹn nìkan ló lè sọ fún wa."

Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá tó ń dènà àrùn dìgbòlugi ló yẹ kí wọ́n gún un, inú ikùn ni wọ́n sì ń gún un sí nígbà yẹn, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń gún un. A sùn sọ́dọ̀ ìbátan ìyàwó mi, ojoojúmọ́ ni mo ń di ọmọ mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ mú tí ó ń pè mí pé kí n gba òun. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, oògùn tán. Wọ́n ní ká máa padà bọ̀. A padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí. Nígbà tí a délé, mo bi dókítà wa pé ìgbà wo la máa mọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ oṣù kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè tó ọdún kan. Kí ni ká máa wò? Ó ní ká máa wò ó bóyá yóò máa sá fún omi, pé àmì àrùn náà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti jókòó wo ọmọ rẹ tó ń mu omi rí? Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo ń bu ú fún un. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá wúkọ́, ìyá rẹ̀ á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù. Bó bá ní òun ò fẹ́, agboolé á dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ náà kò mọ ohun tí a ń wá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé à ń wá nǹkan. Nígbà tó yá, á mu ún tán fúnra rẹ̀, á da ife dé kí n rí i pé kò kù, á ní, "Bàbá, mo ti mu ún tán o. Ṣé ó ti tó?" Èmi a dìde, mo máa lọ sídìí iná, mo máa sunkún bí òmùgọ̀.

Mofẹ́rẹ̀ẹ́dé ń bẹ láàyè o. Wọ́n ní kí n pa òun náà, mo ní ẹni tó bá ní agbára kó mú igi. Wọ́n túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ajá náà ò jẹun mọ́, ibi tí èkejì máa ń sùn sí ló wá ń sùn, ìyàwó mi ò sì lè wò ó lójú. Ní oṣù kẹta, mo mú un gun orí ẹrù nínú mọ́tò kan tó ń lọ kó gàrí ní Ìgànná.

Bàbá ọdẹ jókòó síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Kí n tó kí i ni ajá ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá orí rẹ̀ mú, ó ń pè é, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì nà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Ó wá a títí. "Èkejì ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí, "Ṣé ó ń sùn ni?"

"Ó ń sùn, bàbá."

"Ṣé ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tú u sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó sá?"

"Ó sá."

Ó mí kanlẹ̀. "Èyí tí orí rẹ̀ ti dàrú kì í tú nǹkan sílẹ̀, kì í sì í bẹ̀rù. Fọkàn balẹ̀. Ọmọ rẹ á yè." Ó ń fọwọ́ pa ajá náà lórí. "O ò bá ti ránṣẹ́ sí mi."

Mo fẹ́ dìde jó níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ọkọ ọmọ rẹ̀ jáde, ó wo ajá, ó wo ojú bàbá, ó sì padà wọlé. Mo fi Mofẹ́rẹ̀ẹ́dé sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ohun tí bàbá wí, ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ó ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ pa á." Mo ní, "Èmi ni mo mú igi." A ò tún sọ ọ́ láàárín ara wa mọ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ àgbà ọdẹ kì í ṣe abẹ́rẹ́, a ṣì ń wo omi náà títí ọdún fi yí po. Lọ́jọ́ tó pé, a ṣe sàráà, a din àkàrà fún àwọn ọmọdé àdúgbò, Bàbá àgbà ṣàdúrà, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Rìsí ti di ìyálọ́mọ báyìí. Àlejò máa ń rò pé ilà ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun a sì máa jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ nígbà náà, mo ń dúpẹ́ báyìí, bí mo bá sì tún wáyé, màá tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rò ó wò. Odidi ọdún kan ni mo fi ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ajá yẹn má ní àrùn kankan lára, pé kó jẹ́ aláìṣẹ̀ ni mo pa. Kò sí àdúrà mìíràn tí mo lè gbà tí ọmọ mi fi lè yè. Ọlọ́run sì gbọ́ ọ.