Rọ́bọ́ọ̀tì Tó Kúnlẹ̀ Gba Àdúrà

Rọ́bọ́ọ̀tì tí a kọ́kọ́ ṣe, ọkùnrin ni. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kàn ń pè é ní bọ̀ọ̀dá láti ọjọ́ tí a ti fi agolo mílíìkì ṣe orí rẹ̀. Èmi obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ti gbé wàhálà mi dé. Kì í ṣe pé mi ò ní wàhálà o. Mo kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Bódìjà ni ilé-ìwé wa wà, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ojú fèrèsé ọ́fíìsì ẹlòmíràn la ti ń yọjú wo kọ̀ǹpútà. Tíṣà físíìsì wa ló kó wa jọ. Wọ́n ní àwọn ilé-ìwé Ìbàdàn fẹ́ díje, kí kálukú gbé rọ́bọ́ọ̀tì kan wá tó lè ṣe ohun kan tí èèyàn ń ṣe. A sọ fún wọn pé inú tẹlifíṣọ̀n nìkan la ti rí rọ́bọ́ọ̀tì rí. Wọ́n ní ìyẹn ò burú, pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò tiẹ̀ rí i nínú tẹlifíṣọ̀n.

Èmi ni mo dá ìmọ̀ràn pé kí tiwa kí àwọn adájọ́. Mo ní kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe kó tó ṣe ohunkóhun níwájú àgbà? Gbogbo wọn gbà, ó sì di pé bọ̀ọ̀dá máa dọ̀bálẹ̀. A lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Agbowó, a bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún wa ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì mélòó kan tó ti kú. A yọ mọ́tò kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú wọn, a so okùn mọ́ ọn, pé tó bá ń yí, okùn á fà, bọ̀ọ̀dá á sì dìde.

Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Kódà ó dọ̀bálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: gbì, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, orí rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì. Àtidìde ni kò ṣe é ṣe. Mọ́tò á máa kérora, okùn á le, bọ̀ọ̀dá á sì wà nílẹ̀ bí àna tuntun tí wọn ò tíì dá lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú mi, nítorí ìparí ọdún yẹn gan-an ni mo máa yan kíláàsì. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, kọmáṣà, ìyẹn kíláàsì ẹ̀kọ́ òwò, ni wọ́n sì fẹ́ kí n ṣe, kí n lè wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í ṣe òǹrorò. Wọ́n kàn gbà pé ọ̀nà sáyẹ́ǹsì jìn, pé obìnrin tó bá gbà á kò ní tètè dé ibì kankan. Mo sunkún, mo bínú, mi ò jẹun lọ́jọ́ kan, ebi sì pa mí lásán. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn á wá wo ìdíje náà fúnra àwọn.

Wọ́n ní, “Tí mo bá rí i pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí ní láárí, máa ṣe sáyẹ́ǹsì ẹ lọ. Tí kò bá ní, má dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílé yìí mọ́.”

Mo sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀ dára, pé mọ́tò wa ni kò lágbára. Wọ́n béèrè pé ta ló gba àwa ọmọdé láyè láti máa wa mọ́tò.

Ìgbà yẹn ni mo kó wàhálà mi jáde. Mo sọ fún àwọn ọmọkùnrin pé kí á sọ bọ̀ọ̀dá di obìnrin. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ á gbé gbogbo ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó dìde, ẹni tó kúnlẹ̀ kò ní gbé tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò wa á sì ká a. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ọmọ gíga kan tó gbà pé òun ti mọ gbogbo nǹkan, ní òun ò lè bá rọ́bọ́ọ̀tì tó ró ìró jáde nílé. Tíṣà ní kí a yé jiyàn, kí a ṣírò rẹ̀ sára pátákó. A ṣírò rẹ̀. Ìṣirò ò mọ bọ̀ọ̀dá, kò mọ àǹtí, ohun tí mo wí náà ló wí.

Irin pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí ni mo fi ṣe eékún rẹ̀ méjèèjì. Mo tọrọ àgékù àǹkárá lọ́wọ́ bàbá mi, wọn ò sì béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Àwọn ọmọkùnrin tí wọn ò fẹ́ rí ìró yìí náà ló wá ń bá ara wọn jà lórí bí gèlè ṣe máa jókòó lórí agolo mílíìkì.

Gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ring Road ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́, mi ò rí bàbá mi. Ilé-ìwé kan gbé rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ wá, ó sì gbá a dáadáa, inú bí mi. Ti ilé-ìwé kejì na ọwọ́ sí àgbà nínú àwọn adájọ́, bàbá arúgbó kan tí irun wọn ti funfun, pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Bàbá náà wo ọwọ́ yẹn títí, wọ́n sì kó ọwọ́ tiwọn sẹ́yìn.

Ó kan àwa. Mo tẹ bọ́tìnì, àǹtí sì kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, gèlè ò tiẹ̀ mì. Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Mo tẹ èyí tó yẹ kó gbé e dìde, kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Mo wolẹ̀, mo sì rí orí wáyà tó já lábẹ́ ìró. Mo ju àpótí bọ́tìnì sí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, mo kúnlẹ̀ ti àǹtí, mo sì sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kọ́ àǹtí nílé pé kò gbọdọ̀ dìde títí àgbà á fi ṣàdúrà fún un.”

Bàbá adájọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ lé gèlè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àǹtí á dàgbà, á dògbó, á rí ọkọ rere fẹ́. Èrò ń ṣe àmín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń fi eyín bó wáyà. Mi ò tíì rí orí kejì mú tí bàbá fi parí àdúrà. Mo ní ó tán, kọmáṣà ti dé nìyẹn.

Ẹnìkan wá gbóhùn sókè lẹ́yìn pátápátá, ó ní kí bàbá má bínú, kí wọ́n ṣe é kan àwọn ọmọ tó ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ìmọ̀ tí a gbà yìí, a ò ní ṣìnà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dá wa padà. Àmín tó jáde lẹ́yìn kì í ṣe kékeré. Mo lọ́ wáyà pọ̀, mo mi orí sí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ó tẹ bọ́tìnì. Àǹtí dìde. Gèlè rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó dìde.

Ipò kejì la gbà. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ ló gba ipò kìíní, n kò sì ní purọ́, inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Bàbá mi ń dúró nínú ọkọ̀ wọn lẹ́nu géètì. Mo wọlé, mo kí wọn, mo ní mi ò mọ̀ pé wọ́n wá. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ títí a fi ń sún mọ́ Challenge.

Wọ́n ní, “Wáyà ló já, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo sì béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀.

“O ò kúnlẹ̀ pẹ́ tó yẹn rí nílé. Bàbá yẹn sì fẹ́ yára parí àdúrà. Mo ní tí wọ́n bá dákẹ́ báyìí, ọmọ mi ti wọ gàù.”

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi ẹni tó gbóhùn sókè lẹ́yìn. Ẹkún ń bọ̀, ẹ̀rín sì ń pa mí, mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe. Mo wo ojú títì kí wọ́n má bàa rí mi. Mo wá béèrè pé sáyẹ́ǹsì ńkọ́.

Wọ́n ní, “Ṣé o ò gbọ́ àdúrà yẹn ni? Mo ti ṣe àmín sí i.”