Àwọn Ayálégbé Inú Amíbà

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tí kì í ṣe òótọ́. Bí ìyá mi bá sẹ́ ẹ, kí ẹ bi àwọn tó jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Ilé ìwé wa yàn mí láti lọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìwádìí kan níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Zaria. Ìyá mi ní n kò ní í lọ, àfi bí mo bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà títí yóò fi yé ìyá tirẹ̀, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi Yorùbá pè mí, Hausa ni mo fi ń jẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ kiri, mo sì dúró níwájú àwọn méjèèjì nínú ilé oúnjẹ wa ní Ibo Road, nílẹ̀ Hausa níbí.

"Amíbà jẹ́ ẹ̀dá kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Ó máa ń gbé bakitéríà mì bí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í dà nínú rẹ̀; ńṣe ni wọ́n ń gbé ibẹ̀ bí ayálégbé."

"Níbo ni amíbà fúnra rẹ̀ ń gbé?" ni ìyá àgbà bèèrè.

"Nínú omi, Màmá."

Oníbàárà kan tó ń jẹ ìrẹsì gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe omi tiwa o!" ni ìyá mi pariwo. "Àlàájì, ẹ máa mu, píọ́ wọ́tà ni! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ bá mi ti ilé oúnjẹ yìí pa ni?"

Mo yára tẹ̀síwájú. "Jíìnì ni àṣẹ inú ara tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá lè ṣe. Ọ̀dọ̀ òbí ni àwa ti ń jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé wọ̀nyí lè gbà á lọ́wọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Mọ́mì ṣe kọ́ ọbẹ̀ kúkà ti àwọn Hausa lọ́wọ́ aládùúgbò wa."

Ìyá àgbà yíjú sí ìyá mi. "Ta ló ń se kúkà? Gbẹ̀gìrì ni mo fi tọ́ ọ o!"

N kò mọ̀ pé mo ti dá ìjà sílẹ̀. "Jíìnì tí wọ́n bá rí gbà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń kóra jọ sójú kan bí erékùṣù. Àwọn onímọ̀ ń dá a mọ̀ torí pé kò jọ ìyókù. Ẹ wo pẹpẹ yẹn." Mo nawọ́ sí ibi tí ìyá mi ń kó èròjà ọbẹ̀ Hausa bíi kúkà, yàjí àti dàddawá sí, tó jìnnà sí èlùbọ́.

Ìyá àgbà dìde, ó ṣí ike kan, ó sì gbóòórùn rẹ̀. "Irú nìyí."

"Dàddawá ni, Màámi. Ọwọ́ Hausa ni mo ti rà á."

"Irú ni mo wí! Àwọn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa."

"Haba, Màmá!" Àlàájì fi Yorùbá tó kọ́ lọ́jà dá sí i. "Àwa la fún yín!"

Wọ́n fà á títí ìrẹsì fi tutù. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, ìyá àgbà kọjú sí mi. "Nínú àwọn ayálégbé tìrẹ yẹn, bí méjì bá ní ohun kan náà, báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ èkejì?"

Mo ní a máa ń mọ̀ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ a kì í mọ̀.

"Ó ti yé mi," ló wí fún ìyá mi. "Jẹ́ kó lọ. Kó lọ bá mi bi wọ́n ní Zaria."

Mo lọ, mo sì bi àwọn adájọ́. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan yìn mí pé ìbéèrè náà dára púpọ̀, wọ́n sì pe ẹni tó kàn. Ìyá àgbà ti padà sílé báyìí, ṣùgbọ́n a kì í kí ara wa tán lórí fóònù kó tó bèèrè: ta ló kọ́kọ́ ní in?