Àwọn Òròmọdìẹ Aláwọ̀ Aró

Ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira ni ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí wọn ní Ìwó. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Aṣọ ni ìyá àgbà ń rẹ láró. Ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró wọn wà, àárín àwọn ìkòkò yẹn náà sì ni àwọn adìẹ wọn ti ń jẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí mo dé, wọ́n fi àgbébọ̀ pupa kan hàn mí tó ń sàba nínú apẹ̀rẹ̀ ògbólógbòó.

"Iye tó bá pa, ìwọ ni kí o máa ṣọ́ wọn," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí aró.

Ó pa mọ́kànlá. Mẹ́wàá dìde, wọ́n tẹ̀ lé ìyá wọn jáde. Ìkọkànlá kò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yà sọ́tùn-ún sósì, àyà ló fi ń wọ́. Àgbébọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rò pé ìyá àgbà yóò ní kí n sọ ọ́ nù ni. Wọ́n gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ aṣọ oníbàárà wò. Wọ́n já fọ́nrán òwú kan, wọ́n fi so ẹsẹ̀ méjèèjì, kò le jù, wọ́n sì fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín. Wọ́n tẹ́ ẹ̀gbọ̀n òwú sínú igbá, wọ́n gbé e sí i, wọ́n ní kí n gbé igbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Ikán ni kí o máa wá fún un. Omi díẹ̀díẹ̀."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá ikán nìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kó ṣùkù àgbàdo sínú àfọ́kù ìkòkò, mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ikán á ti kún ibẹ̀. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún àwọn mẹ́wàá, màá sì mú díẹ̀ lọ fún èyí tó wà nínú igbá.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwòdì já wálẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Kí n tó pariwo, ó ti gbé ọ̀kan lọ. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ó tún padà wá gbé òmíràn. Mo sunkún. Ìyá àgbà kò bá mi wí, wọn kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n bu omi aró tí kò mú aṣọ mọ́ sínú àwo, wọ́n ní kí n kó àwọn mẹ́jọ tó kù wá. Wọ́n ń rì wọ́n bọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí nìkan ni wọn kò jẹ́ kó kàn án.

"Àwòdì kò mọ irú èyí," ni wọ́n wí.

Nígbà tí wọ́n gbẹ tí a dá wọn padà, àgbébọ̀ ṣá èyí tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ó gbọ́ ohùn wọn, ó na ìyẹ́ bò wọ́n.

Àwòdì yí po lókè fún ọjọ́ méjì, kò sọ̀kalẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹta, méje ni mo kà. Lọ́jọ́ kẹfà, mẹ́fà.

Àfáà tó ń kọ́ wa ní kéú ni wọ́n múlé tì wá. Wọ́n ń sin ológbò kan nítorí eku tó ń jẹ ìwé wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wàláà mi níwájú Àfáà, ológbò náà wọlé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń lá ẹnu. Mo dá kíkà dúró, mo tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Àfáà, ẹ wo ẹnu ológbò yín."

Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n mú ìyẹ́ kékeré kan níbẹ̀. Àwọ̀ aró ni.

"Adìẹ ta ló ní irú ìyẹ́ yìí?"

"Tiwa ni, Àfáà."

Àwọn ọmọ kéú yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àfáà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá àgbà da gèlè sórí. "Níwájú gbogbo ọmọ kéú ni o ti sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n fà mí lọ́wọ́ pé ká lọ tọrọ àforíjì. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí a fi pàdé Àfáà, ìyẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Aláró, ológbò mi ló ń jẹ yín lọ́mọ adìẹ."

"Àfáà, ẹ má bínú sí ọmọ yìí. Kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ni."

"Òótọ́ ló sọ. Mo ti so ó mọ́lẹ̀."

Ológbò náà ń ké lórí ìso látàárọ̀ dalẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi rí Àfáà tí wọ́n ń sá ìwé sóòrùn. Eku ti jẹ etí rẹ̀ yíká. Bàbá wọn ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n lọ.

"Àfáà, ẹ tú ológbò yín sílẹ̀."

"Àwọn ọmọ adìẹ yín ńkọ́?"

"Àgò tí a ó fi bò wọ́n wà."

Kò sí àgò kankan nílé wa. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń hun ún ní Ilé-Ogbó. Àgò náà ga tó ẹni tó jókòó, abẹ́ rẹ̀ sì ni àgbébọ̀ àti àwọn mẹ́fà náà wà títí wọ́n fi dàgbà. Ológbò máa ń wá jókòó tì í, á máa wò wọ́n.

Èyí tó wà nínú igbá ti ń rìn nígbà náà. Ìyá rẹ̀ kò gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tì í bọ abẹ́ àgò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó ṣá a jáde. Ó wá ń tẹ̀ lé mi lọ sídìí kànga. Àkùkọ ló dà. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa lẹ́yìn ìkórè, ìyá àgbà fẹ́ pa á sọ́bẹ̀, wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n mú òmíràn dípò rẹ̀. Mo ní rárá, òun náà ni kí wọ́n mú. Èmi ni mo tu ìyẹ́ rẹ̀. Wọ́n bu itan kan fún mi, mo jẹ ẹ́.